Ẹ Gba Àmì Inú Wọn Sílẹ̀ Kí Wọ́n Tó Dákẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ni Ẹ̀rọ Ìṣirò Àtijọ́ Níkàáwọ́

Ẹ̀yin alábòójútó mùsíọ́mù tí ẹ̀rọ ìṣirò ẹ̀lẹ́tíróníìkì wà lábẹ́ gíláàsì yín, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ tí orúkọ yín ṣì hàn gàdàgbà lára wọn, àti ẹ̀yin tí ẹ ra iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n tàbí tí ìwé wọn já mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá. Àwọn atúnṣe fẹ́ ẹ̀rọ ayẹ̀wò kan tí yóò máa fi ibi tí àbùkù wà hàn nínú ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ṣe láti 1961 títí dé nǹkan bí 1980. Ọgbọ́n tí a ó fi ṣe é wà nílẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ohun kan kù tí ọwọ́ atúnṣe kò tó, ọwọ́ yín ló sì wà: àkọsílẹ̀ bí ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ dá ṣe ń ṣe. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò kò lè sọ pé nǹkan bàjẹ́ bí kò bá mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe yẹ kó rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣí ìwé tó wà lọ́dọ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gba àmì iná tó ń kọjá nínú àwọn ẹ̀rọ yín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí àwọn yẹn náà tó kú.

Mi ò ní fi ìtàn gígùn dá yín dúró, nítorí ẹ̀yin gan-an lẹ ni ìtàn náà. Ẹ mọ̀ pé ANITA tí Bell Punch ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1961, ni ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì àkọ́kọ́ tó jẹ́ ẹ̀lẹ́tíróníìkì látòkè délẹ̀. Compet CS-10A ti Sharp tẹ̀ lé e ní Japan ní 1964, ẹrù kìlógíráàmù 25 tí wọ́n ń tà ní 535,000 yen. Olivetti ti Ítálì fi Programma 101 han aráyé ní New York ní 1965, Hewlett-Packard gbé 9100A jáde ní 1968 ní dọ́là 4,900, ìgbà tó sì fi máa di 1972, HP-35 ti wà ní dọ́là 395, ó sì ń wọ àpò ẹ̀wù. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ìdí ẹ̀rọ ìṣirò ni kọ̀ǹpútà orí chip kan ṣoṣo ti yọ: Busicom ti Japan ló gbé iṣẹ́ fún Intel pé kó bá òun ṣe chip fún ẹ̀rọ ìṣirò òun, 141-PF, iṣẹ́ yẹn ló bí 4004 tí Intel bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún gbogbo èèyàn ní 1971. Fóònù tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa lónìí, ìdílé yẹn ló ti wá.

Kí ló wá ń pa wọ́n? Ọjọ́ orí ló máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu èèyàn. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló burú jù. Bátìrì nickel-cadmium tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ̀rọ á jò, omi rẹ̀ á sì máa jẹ ìlà bàbà orí bọ́ọ̀dù títí yóò fi já. Capacitor á gbẹ. Róbà tó ń fa káàdì wọlé nínú HP-65 á yọ́ di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Gbogbo ìyẹn ló ṣeé tún ṣe, torí bátìrì, capacitor àti róbà ṣì wà lọ́jà. Chip ni kò sí mọ́. Àwọn tí Mostek àti AMI ṣe fún HP-35, àwọn tí Rockwell ṣe fún QT-8D ti Sharp ní 1969, kò sẹ́ni tó ń ṣe wọ́n mọ́. Ibi kan ṣoṣo tí a ti lè rí òmíràn ni inú ẹ̀rọ mìíràn. Ibẹ̀ ni ìparun gidi ti ń wọlé. Atúnṣe tí kò mọ ibi tí àbùkù wà á ra ẹ̀rọ kejì tó ṣì dára, á tú chip rẹ̀, á fi í dípò ti àkọ́kọ́. Bí kò bá jẹ́, á tún pààrọ̀ òmíràn. Oníṣègùn tó ń po oògùn fún aláìsàn kó tó béèrè ibi tó ń dùn ún ni. Nígbà tó bá fi máa parí, ẹ̀rọ méjì ti di òkú, ó sì lè jẹ́ wáyà bátìrì kan péré ló já.

Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere ni ti HP-21 àti HP-25 tó jáde ní 1975. Bí bátìrì inú wọn bá ti kú, tàbí tí kò sí níbẹ̀ rárá, tí ẹnìkan wá ki ṣájà bọ̀ ọ́ láti wò ó bóyá yóò tàn, iná tí bátìrì ì bá gbà mọ́ra yóò gòkè kọjá ohun tí àwọn chip lè gbà, yóò sì jó wọn. Ìdánwò tí onítọ̀hún rò pé kò lè pa nǹkan kan lára ló pa ẹ̀rọ. Ìyẹn ló fi yẹ kó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò yóò ṣe, kó tó dé ìdí chip kankan, ni kó wọn iná tó ń wọlé, kó sì kọ̀ láti lọ síwájú bí iye rẹ̀ kò bá tọ́.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ HP-35, torí òun ni iṣẹ́ inú rẹ̀ hàn sí aráyé jù. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ bit 56, ìyẹn ipò 14 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bit 4. Àwọn bit yìí kì í já lu ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò kọjá lórí wáyà, clock tó ń lù bí ìgbà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń darí wọn, tó fi jẹ́ pé bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, 280 nínú rẹ̀ ni ìyípo kan, ìyẹn kí bit 56 kọjá tán, ń gbà. Láàárín ìyípo yẹn, chip olùdarí á fi àdírẹ́ẹ̀sì oní-bit 8 ránṣẹ́ lórí wáyà kan tí wọ́n ń pè ní Ia, láti bit 19 dé bit 26. ROM mẹ́ta, ìyẹn chip tí àṣẹ wà nínú wọn, ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú wọn á dáhùn pẹ̀lú àṣẹ oní-bit 10 lórí wáyà Is, láti bit 45 dé bit 54, àmì SYNC á sì gbéra ní gbogbo àkókò tí àṣẹ náà bá ń kọjá. ROM kọ̀ọ̀kan gba àṣẹ 256. Àpapọ̀ gbogbo ọgbọ́n tí HP-35 ní, láti orí àròpọ̀ dé orí sine àti logarithm, kò ju àṣẹ 768 lọ, bí 3,500 nínú wọn ló sì ń kọjá lórí wáyà yẹn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó bá so wáyà mẹ́rin péré mọ́ ọn, sí clock, SYNC, Ia àti Is, yóò mọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà ń rò bó ṣe ń rò ó.

Ká ní HP-35 kan wà lórí tábìlì, wọ́n tan án, ojú rẹ̀ dúdú, 0 tó yẹ kó yọ kò yọ. Mítà lásán á sọ bóyá iná dé. Kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ayẹ̀wò bá rí i pé clock gan-an ni kò sí, a ti mọ̀ pé kò yẹ ká fọwọ́ kan ROM tàbí chip ìṣirò; chip tó ń tan nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, tí clock ti ń jáde wá, ni ká kọ́kọ́ wò. Bí clock bá wà tí SYNC kò sí, chip olùdarí ni ọ̀rọ̀ kàn. Bí àdírẹ́ẹ̀sì bá ń jáde tí Is sì dákẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ROM tó yẹ kó dáhùn. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ROM kan tó kú láàárín mẹ́ta. Àṣẹ tí bit rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹ́ 0, "má ṣe nǹkan kan" ló ń sọ fún HP-35. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá kan ROM tó ti kú, tí Is sì dákẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ náà kò ní dúró: yóò máa ka àdírẹ́ẹ̀sì lọ dé 255, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti 0, kò ní ṣe nǹkan kan, kò sì ní sinmi, títí bátìrì yóò fi tán. Lójú ẹni tó ń wò ó lóde, òkú ni. Lójú ẹ̀rọ ayẹ̀wò, àdírẹ́ẹ̀sì tó ń tò tẹ̀léra láì fo ọ̀kan, tí kò sí àṣẹ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ń jẹ́rìí pé chip olùdarí yè, ROM kan báyìí ló lọ. Bó bá sì wá jẹ́ pé àṣẹ ń kọjá dáadáa, tí wọ́n ń yí po lójú kan níbi tí ẹ̀rọ ti ń dúró de bọ́tìnì, ọpọlọ rẹ̀ pé nìyẹn. Ojú ẹ̀rọ tàbí bọ́tìnì ló níṣòro, kò sì sídìí tí a ó fi tú chip ìṣirò.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Hewlett-Packard fúnra rẹ̀ ti tà á rí. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní 10529A: wọ́n á ki chip tó dára sínú rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ gbá irú chip kan náà mú lórí bọ́ọ̀dù tó ń ṣàìsàn, iná kéékèèké á sì tàn sí ẹsẹ̀ chip tí ìwà àwọn méjèèjì kò bá ti dọ́gba. Ní 1977, iléeṣẹ́ náà gbé 5004A jáde, èyí tó ń ka ọ̀wọ́ bit tó ń kọjá níbì kan lórí bọ́ọ̀dù, tí yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ di àmì mẹ́rin péré. Wọ́n á tẹ àmì mẹ́rin tó tọ́ sínú ìwé àtúnṣe. Atúnṣe á fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan ibẹ̀, bí èyí tó rí kò bá bá ti inú ìwé mu, ó ti sún mọ́ àbùkù nìyẹn. Nígbà tí HP-12C àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa jáde ní 1981 àti 1982, àyẹ̀wò ti wọ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: bí ẹ bá tan án pẹ̀lú bọ́tìnì ìsọdipúpọ̀ ní títẹ̀, á yẹ ara rẹ̀ wò, á tan 8 kún gbogbo ojú rẹ̀ bí ara rẹ̀ bá le, tàbí kó kọ Error 9. Ìyẹn ni pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí gbà nígbà náà pé kò yẹ kí atúnṣe máa méfò. HP-35 àti àwọn ojúgbà rẹ̀ kàn jáde ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Owó ńkọ́? Dọ́là 4 ni wọ́n ń ta Raspberry Pi Pico, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, nígbà tó jáde ní oṣù January 2021, ó sì yára ju ohun tí a nílò láti ka wáyà mẹ́rin HP-35 lọ fíìfíì. Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà ju volt 3.3 lọ, bẹ́ẹ̀ chip àwọn ọdún yẹn ń lo iná tó ga ju ìyẹn lọ. Inú HP-35 tiẹ̀ ní volt 12 tó wà lápá òdì sí ilẹ̀. A ní láti fi ohun tí yóò dín iná kù sáàárín àwọn méjèèjì, kí ẹ̀rọ ayẹ̀wò má baà jó, kó má sì fa iná lára ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ wò débi tí àmì rẹ̀ yóò fi yí padà. Òfin kan tó yẹ kí a fi dè é ni pé kó máa gbọ́ nìkan. Kò gbọdọ̀ ti àmì kankan sínú ẹ̀rọ àtijọ́ àfi bí gbígbọ́ nìkan kò bá tó, tí ẹni tó ni ẹ̀rọ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá gágá á ní ìdènà yìí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Kó fà á. Chip tó jó lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá.

Ẹ̀yin mùsíọ́mù, mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: ìlànà ìtọ́jú ni pé kí a má tan ẹ̀rọ àtijọ́, torí títàn án lè pa á. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Capacitor tó ti pẹ́ láì rí iná lè bẹ́, ó sì lè kó bá ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Capacitor tí ẹnikẹ́ni kò tàn ń gbẹ níbi tó jókòó sí, bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò yọ ń jò lábẹ́ gíláàsì, chip kì í sì í kéde ọjọ́ tí yóò kú. Bí ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ yín bá ṣì lè ṣiṣẹ́ lónìí, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbì kankan, ike àti irin rẹ̀ nìkan lẹ ń tọ́jú. Ohun tí mo ń dábàá kò ju títàn ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n wọn capacitor, kí wọ́n pààrọ̀ èyí tó ti bàjẹ́ kí wọ́n sì fi ti àtijọ́ pamọ́ pẹ̀lú àkọlé rẹ̀, kí wọ́n fi iná tí a ti dé òté lé wọlé díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n so wáyà mọ́ ọn, kí wọ́n gba gbogbo àmì tó kọjá láti ìgbà tó tàn títí yóò fi dáhùn ìṣirò bíi mélòó kan, kí wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè má tan án mọ́ títí ayé. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹni tó wà níta yóò máa fi tún tirẹ̀ ṣe. Èyí tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó kù, ẹ fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n HP-35 tí wọ́n tà ju 300,000 lọ kì í ṣe irú rẹ̀, ó sì ṣòro láti gbà pé ọ̀kan nínú wọn kò ṣeé yọ̀ǹda fún iṣẹ́ wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ni ti ẹ̀yin iléeṣẹ́. Àṣírí wo ló kù? Páténtì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láàárín àwọn ọdún 1970 kì í lò ju ọdún 17 lọ. Gbogbo wọn ti kú tipẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1984 láti dáàbò bo àwòrán inú chip, ọdún 10 péré ló fúnni, kò sì kan chip ẹ̀rọ ìṣirò tó ti wà lọ́jà láti àwọn ọdún 1970. Hewlett-Packard tiẹ̀ tẹ àkójọ àṣẹ inú ROM sínú páténtì ìgbà yẹn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì di àṣírí mọ́ra, ẹlòmíràn lè tú u. Ẹ wo Sinclair Scientific tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1974: chip Texas Instruments tí wọ́n ṣe fún àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pípín lásán ni Nigel Searle mú, tó sì fún sine, logarithm àti àwọn ẹgbẹ́ wọn mọ́ inú àyè àṣẹ 320. Iṣẹ́ ọgbọ́n tó tó bẹ́ẹ̀ ì bá ti wọlẹ̀. Ní 2013, Ken Shirriff ka àṣẹ náà láti inú àwòrán chip fúnra rẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé ní ìlà-ní-ìlà. Kò sí iléeṣẹ́ tó ti ibẹ̀ pàdánù ọjà. Ohun tó yọrí sí ni pé àwọn tí kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rọ yẹn tẹ́lẹ̀, torí ó máa ń lọ́ra, tí ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń yẹ̀ díẹ̀, wá rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Bí agbẹjọ́rò yín bá ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí àṣẹ inú ROM, ọ̀nà wà tí kò ní fọwọ́ kan ìyẹn rárá, inú 5004A tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ló sì wà. Àmì mẹ́rin péré fún ibi kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù: kò sẹ́ni tó lè ti inú wọn mú àṣẹ kan ṣoṣo jáde, síbẹ̀ wọ́n tó láti sọ fún atúnṣe pé ibi báyìí dára, ibi báyìí kò dára. Ẹ lè fi ìwé tòótọ́ sílẹ̀ nínú àpótí yín, kí ẹ sì fún àwa ará ìta ní àmì nìkan. Mi ò rí ìdí kankan tí a fi lè kọ èyí tí kò níí ṣe pẹ̀lú ọ̀lẹ.

Àpótí náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ láàbò. Ní oṣù October 2017, iná tó jó apá kan Santa Rosa ní California dé ọgbà Keysight, iléeṣẹ́ tó ti ara Hewlett-Packard jáde, ó sì jó àpótí ìwé William Hewlett àti David Packard tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Iná yẹn jó ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, iná kan ṣoṣo ló tó o. Ìwé àtúnṣe tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri kò lè jóná tán, nítorí kò sí ilé kan tí gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹlòmíràn á ní: ṣebí fóònù lè ṣe gbogbo ìṣirò yìí, ṣebí ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń ṣe bí HP-35 gẹ́lẹ́, kí la tún ń tún ike ṣe fún? Àwọn ètò yẹn dára, mo sì gbóríyìn fún àwọn tó kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n kọ? Nítorí pé ROM náà wà níbì kan tó ṣeé kà ni. HP-35 tó kọ́kọ́ jáde ní àṣìṣe kan: bí ẹ bá gba logarithm àdánidá 2.02, tí ẹ sì tún gbé èsì rẹ̀ padà sórí e, 2 lẹ ó rí dípò 2.02. Nígbà tí Hewlett-Packard mọ̀, ó sọ fún àwọn tó ti rà á, ó sì gbà láti bá wọn pààrọ̀ rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni, àmọ́ ó ní ohun tó fà: ẹ̀rọ tó ní àṣìṣe náà wá dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ètò kọ̀ǹpútà òun ń ṣàṣìṣe níbi tí HP-35 ti ṣàṣìṣe gan-an nílò ọ̀kan tó yè láti fi wé e. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò ló sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ka ROM wọn rí. Fún àwọn yẹn, ẹ̀rọ ayẹ̀wò tó ń gbọ́ àṣẹ bó ṣe ń kọjá ni yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ náà sílẹ̀. Àtúnṣe àti àkọsílẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni níbí yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òfin ẹ̀tọ́ àtúnṣe tuntun ti yanjú ọ̀rọ̀. Ti New York kan ohun tí wọ́n tà láti July 2023, ti California kan ohun tí wọ́n ṣe láti July 2021, ti àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù tó jáde ní 2024 sì ń sọ nípa irú ọjà tó ṣì ń wọ ilé ìtajà. Òfin tó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n iwájú ni gbogbo wọn dojú kọ. Ohun tí wọ́n ṣe ní 1972 kò sí nínú ìkankan, ó sì dá mi lójú pé kò ní sí. Ìdí nìyí tí lẹ́tà yìí fi jẹ́ ẹ̀bẹ̀, tí kì í ṣe ìpẹ̀jọ́.

Ẹ̀rọ ayẹ̀wò yìí kò ní tó gbogbo wọn, kò sì yẹ ká tan ara wa. ANITA kò ní chip, ọ̀pá gíláàsì kéékèèké oníná ló ń ṣírò nínú rẹ̀. Programma 101 ń tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀ sínú wáyà gígùn kan tí àmì ń rìn já, tó ń padà sẹ́yìn láti tún un rìn. 9100A kó àṣẹ tirẹ̀ sínú bọ́ọ̀dù alápá 16. Fún irú àwọn wọ̀nyí, kò sí wáyà mẹ́rin tó sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Àwòrán bọ́ọ̀dù, iye volt tó yẹ kó wà níbi kọ̀ọ̀kan, àti àwòrán tí oscilloscope yẹ kó fi hàn níbẹ̀ ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó tún le jù ni pé ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa wọn kò sí nínú ìwé, orí èèyàn ló wà. Pier Giorgio Perotto tó darí iṣẹ́ Programma 101 ti kú láti 2002. Tadashi Sasaki ti Sharp lọ ní 2018, Jerry Merryman tó wà nínú àwọn mẹ́ta tó ṣe ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́mú àkọ́kọ́ ní Texas Instruments lọ ní 2019, Clive Sinclair lọ ní 2021. Àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n lo ọwọ́ ara wọn láti wá àbùkù lẹ́nu iṣẹ́, ṣì wà, àwọn náà sì ti dàgbà. Orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin iléeṣẹ́, kò sí lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, kí HP àti Keysight wá ohun tó kù nínú ìwé àtúnṣe HP-35 títí dé HP-25, kí wọ́n ṣe é ní ẹ̀dà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè tún un tẹ̀. Kí Texas Instruments ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn chip tó tà fún Sinclair àti àwọn mìíràn, kí Sharp ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ti Rockwell. Kí àwọn mùsíọ́mù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ní ju ẹyọ kan lọ, kí àkọsílẹ̀ tí wọ́n bá gbà sì wà ní ibi mẹ́ta tó jìnnà síra, ó kéré tán. Bí ẹ bá sì ń wá ẹ̀rọ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbé jáde lábẹ́ gíláàsì, ẹ wá HP-35 kan tí àṣìṣe 2.02 ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tan án lórí iná tó ní òté, ẹ so wáyà mẹ́rin mọ́ ọn, ẹ tẹ ìṣirò yẹn, kí ẹ sì gba gbogbo àṣẹ tó kọjá lórí Is sílẹ̀ títí 2 yóò fi yọ.